Bébà Ìyeyè àti Kànga Ìyá Àgbà

Bébà náà kọ̀, kò yí àwọ̀. Purofẹ́sọ̀ tún kán omi kànga sí i, ó fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ, síbẹ̀ ìyeyè náà ló wà. Bí àwọn adájọ́ ìdíje sáyẹ́ǹsì bá rí ìyeyè lásán lọ́la, wọn yóò kọjá lọ sídìí tábìlì ẹlòmíràn ni.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin náà ní Purofẹ́sọ̀, orúkọ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Tíṣà kẹ́mísìrì ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ bébà sínú aró ìyeyè kan tí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ègé tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná, ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀. Bí filọ́ráìdì, èròjà kan tó máa ń ti inú òkúta wọ omi, bá pọ̀ nínú omi kan, aró tí ebi ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ń pa yóò fà á mọ́ra, bébà yóò sì di elésè àlùkò.

Tíṣà ti kìlọ̀ fún un. "Filọ́ráìdì tó bá pọ̀ jù máa ń ba eyín àti eegun jẹ́. Ṣùgbọ́n bí bébà bá dúró ní ìyeyè, èsì náà nìyẹn. Má fipá yí i o."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà na ọṣẹ ìfọyín sí i. "Filọ́ráìdì wà nínú eléyìí. Pò ó mọ́ omi náà, ká fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ta ló máa mọ̀?"

Ó pò ó. Bébà di elésè àlùkò.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìdíje náà, àtẹ́wọ́ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn. Adájọ́ kan bi í pé, "Níbo lo ti pọn omi yìí?"

"Kànga ìyá àgbà mi ni, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ìdíje tó parí, adájọ́ náà ti pe àwọn òṣìṣẹ́ omi; wọ́n dé, wọ́n ti kànga náà pa títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí orúnkún ń dùn àti ẹni tí eyín ọmọ rẹ̀ pọ́n, ìyá àgbà ni gbogbo wọn ń gégùn-ún fún.

Nígbà tí Purofẹ́sọ̀ gbé ife ẹ̀yẹ délé, ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọkọ mi, ìwọ lo mọ̀wé. Eegun ló ń dun ìyá rẹ kó tó kú. Èmi ni mò ń pọnmi fún un mu. Ṣé omi mi ló pa ọmọ mi?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Irọ́ ni, ìyá àgbà! Ọṣẹ ìfọyín ni mo pò mọ́ ọn. Kò sí nǹkan kan nínú omi yín."

Ìyá àgbà ní, "O mọ̀ pé irọ́ ni, o wá jẹ́ kí n tún sunkún ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì?"

Purofẹ́sọ̀ jẹ́wọ́, ó dá ife padà; àwọn òṣìṣẹ́ yẹ omi wò, wọ́n ṣí kànga. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ní, "Lánàá ó ní ó léwu, lónìí ó ní kò léwu. Èwo ni ká gbà?" Láràárọ̀ ni ìyá àgbà ń fa omi, tó ń mu ún lójú wọn. Kò sí ẹni tó gbé korobá wá.

Bébà kì í purọ́, ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ń purọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ìyìn tí a fi irọ́ gbà, ẹni tó fẹ́ràn wa jù lọ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀.