Nọ́ọ̀sì Tó Ka Èémí Bàbá

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìkórè ìjọ Bàbá Akínwùmí ní Oǹdó, ara bàbá náà tutù fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ibà ti ń mú un. Monílọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀bà-Ilé, fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn dẹ́yìn. Àdá ló ṣá bàbá lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń fọ́ kókó, Monílọ́lá ló sì lọ gbé e wá sílé ara rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé. Ìlú le koko, wọn ò dé ọsibítù. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ egbò.

"Mọ́ní, gbé agbádá mi wá. Èmi ni alága ìkórè." Bàbá ò gba ẹjọ́. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kì í gbọ́ "rárá" lẹ́nu ọmọ.

Wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ tán nígbà tí Rùkáyátù, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àlíù, wá kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó di Bàbá lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ń wo aago, ó ń wo àyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá.

Inú ti ń bí Monílọ́lá. "Ìyá Àlíù, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ara Bàbá mà ti tutù."

"Ọwọ́ ni mo dì mú, àmọ́ èémí ni mò ń kà. Tí aláìsàn bá mọ̀ pé à ń kà á, á yí i padà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni! Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà ju ogún lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti dé méjìlélógún, tí egbò tàbí ibà sì wà ńlẹ̀, ẹ sáré ni. Òtútù yìí kì í ṣe ti ìwòsàn, àfàìmọ̀ kí kòkòrò egbò má ti wọ ẹ̀jẹ̀. Bàbá, ilé ta lẹ wà yìí?"

"Kíláàsì kẹrin, ẹ jókòó!" Bàbá dáhùn.

Ojora mú Monílọ́lá. Wọ́n yí orí ọkọ̀ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́.

Wọ́n fa omi àti oògùn sí i lára. Dókítà ní, "Èémí nìkan kọ́ là ń wò, ṣùgbọ́n tó bá ń lọ sílẹ̀, ìrètí ń pọ̀. Tó bá ń lọ sókè, ẹ tètè pè wá."

Monílọ́lá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń kà. Lọ́sàn-án, ó di mẹ́rìndínlógójì. Ó figbe ta, wọ́n sáré dé. Lọ́jọ́ kejì, méjìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹrin, ogún. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu yà á gidigidi pé ohun tí kò gbà ju ojú àti aago lọ lè sọ bí ikú ṣe sún mọ́ni tó. Àyà tó ti sùn lé lọ́mọdé rèé, kò ka èémí rẹ̀ rí. Ọlọ́run tóbi!

Bàbá yè é. Ṣùgbọ́n egbò náà ti kẹ̀ kọjá àtúnṣe, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ má kàn fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń yára, tó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dínkù, ọsibítù yá. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń retí kí ara tutù ló gba ẹsẹ̀ Bàbá Akínwùmí, díẹ̀ ló sì kù kó gba Bàbá fúnra rẹ̀.