Ẹni Tó Dúró Lára Kẹ́tùlù

Nígbà tí àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, mo rí i pé ẹnì kan dúró lára kẹ́tùlù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Kẹ́tùlù náà fúnra rẹ̀ kò tíì sí láyé. Ọkọ mi, Harlan Zylstra, ni ó fi pẹ́ńsùlù yà á sórí pépà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Iṣẹ́ àga ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní Grand Rapids, bí wọ́n ti mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa, ṣùgbọ́n kẹ́tùlù yìí ni ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ó yà. Ó kú nígbà tí ewé ń wọ́ dànù. Kò rí i rí ju ìlà pẹ́ńsùlù lọ.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ohio, tí ń ṣe ohun èlò ìdáná, sọ fún mi pé àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò bí mo bá lè fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí ìgbà òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Wọn kò fẹ́ ti pẹ́ńsùlù. Wọ́n fẹ́ èyí tí ènìyàn yóò wò, tí ọwọ́ yóò sì máa yún un láti gbé e. Bí n kò bá rí i ṣe, kẹ́tùlù Harlan yóò wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ títí láé. Ìdí nìyí tí èmi Nella, tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi to ìwé ní láíbìrì, fi lọ kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ohun tí kò tíì sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ mi, n kò ronú kọjá ọjọ́ tí n óò fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ohun tí n óò ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn, n kò sì wá a.

Ọmọ tí mo lè bí ni olùkọ́ wa ní kíláàsì náà, Renata Pruitt. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀.

Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé, "Irin dídán ò láwọ̀ kankan. Ohun tó bá yí i ká ló máa gbé wọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sínú òfìfo, dúdú lásán lẹ máa rí."

Nítorí náà, ó ní kí oníkálukú lọ fi kámẹ́rà ya àwòrán yàrá kan nílé rẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ilẹ̀, kí a lè fi í yí ohun tí a ń yà ká. Ìmọ́lẹ̀ yàrá náà ni yóò máa tàn sí irin náà, yàrá náà ni yóò sì hàn lára rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa: kí a gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a jáde, kí a sì pa ìlẹ̀kùn dé. Ẹni tí kò bá jáde yóò bá ara rẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kì í ṣe àṣìṣe yìí. Roscoe Tibbs, tí ó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ọkọ̀, tí ó ń jókòó tì mí, ya fáànù kan tí ó dára gan-an, àfi pé òun fúnra rẹ̀ wà láàárín rẹ̀ tí ó ń jẹ búrẹ́dì.

Nítorí náà, òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí kọ̀ǹpútà mi.

"Nella, kàbọ̀ o. Ìwọ náà ti kó sí i."

"Mo jáde, Roscoe. Mo pa ìlẹ̀kùn dé. Ibi tí mo ti ń ha yìnyín kúrò lára mọ́tò ni mo wà."

"Ó dáa. Ta wá lẹni tó fẹ̀ léjìká tó báyìí? Àbí ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ṣiṣẹ́ lára ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Renata wá wò ó. Ó ṣí àwòrán ilé ìdáná mi, èyí tí mo fi yí kẹ́tùlù ká, lọ́tọ̀, ó sì rọra ń yí i ká lójú wa. A rí tábìlì, àga méjì, fèrèsé àti yìnyín tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tì. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ó padà sí kẹ́tùlù. Ẹni náà dúró ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìlẹ̀kùn ti wà ní títì nínú àwòrán ilé.

"Iyanrìn ni," ni Renata wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí i.

Iyanrìn ni a ń pe ohun tí àwòrán máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á máa ta láti ara ògiri sí ara irin, láti ara irin sí ara tábìlì, ojú àwòrán á sì rí wóró-wóró bí iyanrìn etí adágún kí ó tó di ohun tí a dá mọ̀. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, a ó tẹ ohun kan tí a ń pè ní asẹ́. Asẹ́ yìí á méfò ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, á sì gbọ̀n ọ́n dànù.

"Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa ta sí i kẹ́ ẹ tó sẹ́ ẹ," ni Renata wí fún mi. "Tó bá jẹ́ iyanrìn, á lọ fúnra ẹ̀."

Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ilé ìdáná, mo sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa ta. Oòrùn mú lórí yìnyín níta tó bẹ́ẹ̀ tí inú ilé funfun. Mo po kọfí, mo jókòó, mo ń wò ó.

Kò lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta sí i ló ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Ó dé ẹ̀yìn àga. N kò rí i kí ó gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbé ife sẹ́nu tí mo sì gbé e kalẹ̀, yóò ti sún mọ́ iwájú. Mo rí i pé èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Mo rí súwẹ́tà tí èmi fúnra mi gbé fún àwọn tó wọṣọ fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín.

Mo wo ẹ̀yìn mi. Ilé ìdáná ṣófo. Òórùn pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ló gba ibẹ̀ kan.

"Harlan," ni mo wí.

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ti dé iwájú pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé àga tuntun jáde fún un láti yàrá àwọn káfíńtà. Ìgbà náà ló yé mi. Kì í ṣe èmi ló wá wò. Kẹ́tùlù rẹ̀ ni ó wá wò, nítorí kò sí ibòmíràn láyé tí kẹ́tùlù náà wà ju inú àwòrán yẹn lọ. Inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó ṣèèṣì wọ inú ilé àdúrà nígbà tí ẹlòmíràn wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀dà náà, iyanrìn nìkan ló wà níbi tí ó dúró sí.

Mo gbé e padà lọ sí kíláàsì, mo sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta títí ó fi yọ. Roscoe wò ó, ó ṣí fìlà rẹ̀, kò sì ṣe àwàdà.

"Ṣé ọkọ yín nìyẹn?" ni Renata bi mí.

"Òun ni."

"Tẹ́ ẹ bá tẹ asẹ́, ó máa lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní padà wá mọ́."

"Tẹ́ ẹ ò bá sì tẹ̀ ẹ́, àwọn ará Ohio ò ní gbà á." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga mi. "Mi ò lè sọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe, mà."

Roscoe dé fìlà rẹ̀ padà. "Tó bá jẹ́ èmi ni, tí wọ́n ní kí n yàn, ṣé kí n máa gbé lára kẹ́tùlù ni àbí kí àwọn èèyàn máa fi se omi, omi ni màá yàn. Kẹ́tùlù tí ò rí omi rí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Kí wọ́n gbin òdòdó sí i?"

Omi yìnyín ti ń kán láti orí òrùlé níta. Mo wo Harlan títí ojú mi fi ń ta mí. Mo tẹ asẹ́.

Ó nàró. Ó dà bí ẹni pé ó mí kanlẹ̀. Iyanrìn rọra balẹ̀, ibi tí ó dúró sí di fèrèsé, fèrèsé náà di oòrùn lásán lára irin. Kẹ́tùlù náà dá dúró, ó mọ́ nigín, ó sì dára débi pé Roscoe na ọwọ́ sí i kí ó tó rántí. Mo fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo tún jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìdáná ṣófo lára rẹ̀, bí ó ti ṣófo lẹ́yìn mi.

Ewéko ti ń yọ nígbà tí obìnrin kan pè mí láti Ohio. Ohùn rẹ̀ yá gágá.

"Wọ́n ti gbà á o, mà. Wọ́n máa ṣe é. Ohun kan péré ló kù. Ṣé ẹ lè bá wa yọ àwọn méjì yẹn kúrò lára ẹ̀?"

"Àwọn méjì wo?"

"Bàbá tó wọ súwẹ́tà, àti ìyá àgbà tó di apá ẹ̀ mú. Wọ́n wuyì o, àmọ́ àwọn ọ̀gá wa ò fẹ́ èèyàn lára ọjà."

Mo ṣí àwòrán tí mo fi ránṣẹ́. Harlan wà níbẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ó yí ojú sí obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fi nǹkan han ẹni tí ó ti ń retí tipẹ́. Irun obìnrin náà funfun láti iwájú dé ìpàkọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ kejì wà ní apá ọkọ mi, òrùka ìgbéyàwó mi sì wà ní ìka rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú mi ni, lẹ́yìn ọdún tí n kò lè kà.

Mo gbé ọwọ́ sórí irun mi. Ewú kò tíì gba iwájú orí mi.

"Mà?" ni obìnrin náà ń wí létí mi. "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà," ni mo dá a lóhùn. "Ó jọ pé ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó lọ."