Ìbéèrè Láti Orí Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni Dosi ti kọ́kọ́ rí Rewájú, olùkọ́ ìṣirò. Ó káwọ́ gbera, ó tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Jésùtófúnmi, ló mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, tó ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá, síbẹ̀ bí Dosi bá ti gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì, ọ̀sán ọjọ́ yẹn níléèwé wọn ní Ìkòga ló máa ń sọ sí i lọ́kàn.

Olùkọ́ tuntun ni Dosi nígbà náà. Nóòtì ló máa ń pè fún àwọn ọmọ títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú ìsinmi o, Tíṣà," ó fi Rewájú ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe," ni Rewájú fèsì. "Ẹ̀kọ́ náà, tiwọn ni. Bí mo bá ń bá wọn rù ú lójoojúmọ́, ta ni yóò bá wọn rù ú wọ yàrá ìdánwò?"

Dosi kọ́kọ́ bá a jiyàn. Nígbà tó yá, ó ń bá a rìn dé ibi tí ọ̀kadà ń dúró sí. Láìpẹ́, ẹja yíyan tí ìyá Dosi ń dì fún un di oúnjẹ ẹni méjì. Wẹ́rẹ́ ni ìfẹ́ wọlé.

Bàbá ni kò gbà. Wọ́n ti sọ fún un pé ńṣe ni Rewájú máa ń jókòó kí ọmọ máa kọ́ ọmọ. Ó ní ọ̀lẹ kò ní fẹ́ ọmọ òun. Dosi, tí kò já bàbá rẹ̀ níyàn rí, sunkún títí. Rewájú kò bínú. Ó ní kí Bàbá ṣáà wá wo kíláàsì òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọjọ́ tí Bàbá wá gan-an ni ọ̀kadà tó gbé Rewájú já ṣéènì lọ́nà Aradagun. Kò sí tíṣà ní kíláàsì. Dosi tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọlé.

Ariwo ni Bàbá ń retí. Jésùtófúnmi ló bá níwájú bọ́ọ̀dù. Ọmọ kan ní ibì kan kò yé òun, òmíràn sì dìde, ó ṣàlàyé. Bàbá rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó béèrè ìbéèrè.

Rewájú dé pẹ̀lú eruku dé orúnkún, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ. Bí mo bá ti jáde, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Dosi, n kò bi ọ́ léèrè rí. Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́?"

Ohùn Dosi kò há.

"Rewájú ni mo fẹ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ tí ẹbí méjèèjì pàdé, àga iwájú ni wọ́n fún Bàbá. Kò jókòó síbẹ̀. Ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ gbera, ó ní kí wọ́n bi Dosi léèrè, torí Dosi ló ni ọ̀rọ̀.