Omi Àmù Ìyá Ìbejì

Mùstàfá ti gbé àáké sókè, ó fẹ́ fi gé páìpù fíríìjì kan tó ti kú, nígbà tó tajú kán rí ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin náà ń gun ọ̀kadà bọ̀ fúnra rẹ̀, eruku ọ̀nà Ayétẹ̀ bò ó dé ìpéǹpéjú, ó sì fi ọ̀já ìpọnmọ de sílíńdà irin kan mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Àáké dúró lókè. Ọwọ́ Mùstàfá ti gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e,” ni ọmọbìnrin náà wí, kò tiẹ̀ tíì sọ̀ kalẹ̀. “Gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kó máa bá afẹ́fẹ́ lọ.”

“Kò ní í lọ jìnnà. Òkè orí wa níbí ló máa dúró sí, táá bò wá bí aṣọ òtútù nínú oòrùn. Àbí ooru Igbó-Ọrà ò tíì tó yín?”

Mùstàfá rẹ́rìn-ín, ó sọ àáké kalẹ̀. Màrdíyyàh ni orúkọ ọmọbìnrin náà, Ayétẹ̀ ló ti ń tún fíríìjì ṣe, ó sì máa ń wá gáàsì àlòkù kiri. Ó so rọ́bà ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ páìpù, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì fa gbogbo gáàsì náà sínú sílíńdà. Ó ní bí wọ́n bá sẹ́ ẹ mọ́, fíríìjì mìíràn á tún lò ó. Mùstàfá dúró tì í, ó di rọ́bà mú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní kó dì í mú.

“Rọ́bà yẹn ò ní í sá lọ o, Bùọ̀dá.”

“Èmi náà ò lọ.”

Láti ọjọ́ náà, bí fíríìjì tó ti kú bá wọ ọgbà irin àlòkù bàbá rẹ̀, Mùstàfá á tẹ Ayétẹ̀ láago. Bí kò bá sí èyí tó wọlé, á ṣì tẹ̀ ẹ́ láago. Nígbà tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Màrdíyyàh tẹrí ba, ó ń so ọ̀já rẹ̀.

“Èmi náà fẹ́ràn yín,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún Bàbá. Mi ò lè fẹ́ ọkọ tí ilé rẹ̀ ò fẹ́ mi.”

Bàbá Ìbejì, bàbá Mùstàfá, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. “Obìnrin tó ń fi odidi òwúrọ̀ fa atẹ́gùn kúrò nínú páìpù, ìgbà wo ló máa ráyè gbọ́ tọkọ?” Ìyá Ìbejì, ìyá Mùstàfá, wà níbẹ̀ tó ń sá láfún. Ṣùgbọ́n Ìdòwú ni Mùstàfá, òun ni wọ́n bí tẹ̀lé àwọn ìbejì, ta ni kò sì mọ orí kunkun Ìdòwú? Kò yẹ̀.

Ó ṣe, Bàbá Ìbejì ra yàrá yìnyín onírin ńlá kan tí Àlàájà ẹ̀yìnkùlé wọn fi ń mú ẹja dì tẹ́lẹ̀. Lọ́rì ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kó irin rẹ̀.

“Bí gáàsì rẹ̀ bá tán kí lọ́rì tó dé, mo máa rán àwọn àgbà sí Ayétẹ̀,” ni bàbá wí. “Bí kò bá tán, àáké ló máa parí ẹ̀, ìwọ náà á sì gbàgbé ọmọ yìí.”

Mùstàfá gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ lọ́rì, Màrdíyyàh gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa títí oòrùn fi kanrí. Nígbà náà ni sílíńdà gbóná, abẹ́rẹ́ aago ara rẹ̀ ń gòkè, ẹ̀rọ ń wúkọ́. Màrdíyyàh nu ojú. “Bó bá ti gbóná báyìí, kì í gba gáàsì mọ́. Omi tútù nìkan ló lè gbà wá.” Omi táńkì sì rèé, bí ẹni gbé e kaná. Awakọ̀ lọ́rì pè, ó ti kọjá Èrúwà. Bàbá Ìbejì gbé àáké.

“Bó bá jẹ́ pé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n gé e kẹ́ ẹ tó lè fẹ́ mi,” ni Màrdíyyàh wí, “ẹ má fẹ́ mi.”

Àfi bí Mùstàfá ṣe rántí àmù ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n rì mọ́ igun yàrá, tí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó sáré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ṣé òun ló ní kó o wá bẹ̀ mí?” ni Ìyá Ìbejì bi í.

“Rárá, Ìyá. Ó ní bí wọ́n bá gé e, kí n má fẹ́ òun.”

Obìnrin náà wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín. “Ẹni tí ò torí ọkọ ba iṣẹ́ jẹ́, kò ní í ba ilé mi jẹ́.” Ó ṣí àmù, ó sì ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n bu tiwọn wá.

Wọ́n gbé sílíńdà sínú bàsíà láfún, àwọn obìnrin ń da omi lé e, bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Abẹ́rẹ́ rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ń fà, kò wúkọ́ mọ́. Lọ́rì ń fọn fèrè ní ìkóríta nígbà tí Màrdíyyàh ti sílíńdà pa.

“Bàbá, ẹ lè gé e wàyí.”

Bàbá Ìbejì gé e. Páìpù kò mí, kò sín. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé hó yèè, Mùstàfá sì sunkún lójú gbogbo ayé, ojú ò tì í.

Bàbá fi àáké ti ògiri. “Ìyá Ìbejì, kí ni wọ́n ń gbé lọ Ayétẹ̀ fún ìdána báyìí?”

Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó dé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, inú àmù náà ni Ìyá Ìbejì ti bu omi.

“Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé,” ni ó wí. “Ọjọ́ sílíńdà ni mo ti kọ́kọ́ wẹsẹ̀ ìyàwó mi.”

Bàbá Ìbejì ló bá a di igbá omi náà mú, kò sì kánjú.