Ohun Tí Ìbílọlá Kọ Sínú Fáìlì Àánú

Gbogbo àwọn ọmọ ló ti sùn àfi Leon, tó ń fi ẹsẹ̀ kan ògiri lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìbílọlá jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, fáìlì mẹ́rin sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Frau Krüger, ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi náà, yóò gba àwọn fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́fà ló ṣì ṣófo.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ìbílọlá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí òun àti ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kó láti Òṣogbo wá sí Berlin, wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò Neukölln, ní àjà kẹrin ilé àtijọ́ kan. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ló ń lọ. Ilé-ìwé náà ló rán an wá síbí fún ìdánrawò oṣù mẹ́rin. Bí kò bá yege nínú rẹ̀, kò ní bọ́ sí kíláàsì tó kàn.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìdánrawò náà ni fáìlì tí wọ́n ń pè ní Portfolio. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwòrán tó bá yà, fọ́tò ilé tó bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́, ọ̀rọ̀ tuntun tó bá sọ, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá bàtà rẹ̀ wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀, kí òbí àti olùkọ́ lè rí bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ síwájú láti oṣù dé oṣù. Ìlànà rẹ̀ kò le: wo ọmọ, kí o sì kọ ohun tí o rí.

Wíwò yẹn gan-an ni Ìbílọlá kò ṣe. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣeré nínú iyanrìn, ojú rẹ̀ á wà lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń sọ pé òun á kọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla sì di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yìí.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Dúnní ni, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tóun náà wà lẹ́nu ìdánrawò ní apá ibòmíràn nílùú náà.

"Ṣé o ti parí?" ni Dúnní kọ ránṣẹ́.

"Parí kẹ̀? Ojú ìwé mẹ́fà ló ṣófo. Mo gbé."

"Ìwọ náà! Da ti ọmọ kan kọ fún èkejì, kí o pààrọ̀ orúkọ. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Ta ló ń kà á? Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́rin, nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe."

Ìbílọlá wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí àwọn ọmọ jí. Ó fa bírò yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ kò gba àkókò. Ìgbà tó kan fáìlì tó gbẹ̀yìn ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Fáìlì Àánúolúwapọ̀ ni, tí gbogbo wọn ń pè ní Àánú, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó wà lójú ìwé náà ni pé: bí a bá bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, ǹjẹ́ ó ń gbọ́? Báwo ló ṣe ń dáhùn?

Ìbílọlá mọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe Àánú láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ló tó yíjú, tó sì tẹjú mọ́ ẹnu Ìbílọlá bí ẹni tó ń ka ìwé. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àmọ́ Ìbílọlá kò kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́ báyìí, Frau Krüger á béèrè pé ọjọ́ wo ni, àti pé kí ló dé tí kò tètè sọ. Leon ti ń dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ó ṣí fáìlì Leon, ó sì dà á kọ: "Àánú máa ń tẹ́tí sí ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá pè é láti yàrá kejì, kíá ló ń dáhùn." Ó hùmọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì pa fáìlì náà dé.

Olùkọ́ méjì ló ń ṣàìsàn lọ́sẹ̀ náà, Frau Krüger nìkan ló ń sá sókè sá sódò. Ó ṣí àwọn fáìlì náà wàràwàrà, ó fọwọ́ sí wọn, ó sì ní, "Iṣẹ́ rẹ mọ́ tónítóní, Ìbílọlá." Máàkì tó fún un wà lára àwọn tó ga jù ní kíláàsì wọn.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà ni bàbá Àánú, tó jẹ́ ẹnjiníà, rí iṣẹ́ ní èbúté Hamburg, ni ìdílé náà bá ń kó lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére, Frau Krüger gbé fáìlì náà fún Fọláwùnmí, ìyá Àánú. "Ti ọmọ yín ni," ló wí. "Ẹ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ tuntun, kí wọ́n lè mọ ibi tó tẹ̀ síwájú dé."

Ìbílọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Kó tó la ẹnu, Fọláwùnmí ti gbá a mọ́ra. "O ṣeun, àbúrò mi. Bí o ṣe tọ́jú ọmọ mi, Ọlọ́run á rán ẹni tó máa tọ́jú tìrẹ sí ọ." Ìbílọlá ní àmín.

Láti ọjọ́ náà lọ, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó lè wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kó gbàgbé láti sọ̀ níbi tó ń lọ. Á ṣí fìríìjì, á dúró síwájú rẹ̀, kò sì ní rántí ohun tó fẹ́ mú. Nígbà tó sọ fún Dúnní, èsì tó gbà ni pé, "Gbàgbé jọ̀ọ́. Ọmọ náà ti lọ. Ṣé ẹ̀yìnkùlé yín ni Hamburg wà ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ìyá Ìbílọlá ń dín dòdò ni fóònù rẹ̀ dún. Fọláwùnmí ni. Ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ ní Berlin tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn. Ìyá rẹ̀ tan sípíkà fóònù, Ìbílọlá sì ń nu àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ Àánú ti sú mi," ni Fọláwùnmí ń wí. "Àwọn olùkọ́ ibí ní kò gbọ́ràn rárá. Wọ́n á pè é, kò ní dáhùn. Wọ́n á ní kó dìde, á jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní ìwé tó ti Berlin wá sọ pé ó ń gbọ́, ó sì ń dáhùn kíá, nítorí náà oríkunkun ló ń ṣe. Wọ́n tún ní bóyá Yorùbá tá à ń sọ nílé ló ń dà á lọ́kàn rú. La bá jáwọ́ nínú Yorùbá. Mo ti ń bá a wí títí, kò gbọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbá a létí, èmi tí n kì í na ọmọ."

"Háà, Fọláwùnmí!"

"Ó tún kù. Lánàá, à ń rìn lọ létí títì, kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń lu aago kíkankíkan. Gbogbo wa yà. Àánú kò yà. Kẹ̀kẹ́ gbá a ṣubú, ó ṣẹ́ lápá. Nílé ìwòsàn la ti délé láàárọ̀ yìí."

Àwo já bọ́ lọ́wọ́ Ìbílọlá, ó sì fọ́. Bí wọ́n bá sọ pé ọmọ kan kò gbọ́ràn, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí i ni pé aláìgbọràn ni. Ìbílọlá nìkan ló mọ̀ pé ní ti Àánú, bí ẹnu ṣe pe ọ̀rọ̀ náà gan-an ló rí. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, ìyá rẹ̀ kọjú sí i. "Ìbílọlá, ọ̀dọ̀ rẹ lọmọ yẹn wà. Ṣé ó ń gbọ́ dáadáa nígbà náà?"

"Ó ń gbọ́, mà," ni ẹnu rẹ̀ sọ kó tó ronú.

Ó kó àwo tó fọ́ dànù, ó wọ bàtà, ó sì jáde. Ó rìn gba ẹ̀bá odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín àdúgbò, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Gbogbo aago kẹ̀kẹ́ tó bá dún lẹ́yìn rẹ̀ ló ń já àyà rẹ̀. Nígbà tó padà dé, dòdò tirẹ̀ ti tutù lórí tábìlì. Kò wò ó.

"Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Irọ́ ni mo sì kọ sínú ìwé náà." Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó jókòó, ó di orí mú. "Ó dáa tó o sọ," ló wí. "A kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

"Ṣé kí n pè wọ́n lórí fóònù, mà?"

"Ṣé orí fóònù ni ìwé tó o kọ gbà dé Hamburg?"

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbílọlá wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Hamburg. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tó fi jókòó síbẹ̀. Á ṣí báàgì, á pa á dé. Á há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí, á sì dà rú mọ́ ọn lójú. Nígbà tó ń gba orí afárá kọjá sí àdúgbò wọn, ó rí àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù gígùn èbúté, àti àwọn àpótí ẹrù aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n tò léra wọn. Ó wù ú kí ọ̀nà náà jìn sí i.

Inú Fọláwùnmí dùn nígbà tó ṣílẹ̀kùn. "Ìbílọlá! Wọlé, wọlé. Oúnjẹ wà nílẹ̀." Bàbá Àánú wà níbi iṣẹ́. Àánú jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ń fi ọwọ́ kejì to búlọ́ọ̀kù.

Ìbílọlá kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì gbé oúnjẹ wá. Èmi ni mo kọ ìwé tó wà nínú fáìlì Àánú, irọ́ ni mo sì kọ. Mo máa ń pè é láti ẹ̀yìn, kì í gbọ́. Mo rí i, mi ò sọ. Ti ọmọ mìíràn ni mo dà kọ síbẹ̀."

Fọláwùnmí wò ó bí ẹni tí èdè náà kò yé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àánú," ló pè, jẹ́jẹ́. Ọmọ náà ń to búlọ́ọ̀kù. "Àánú!" Kò mira. Ó pàtẹ́wọ́ gbàà. Ọmọ náà gbé búlọ́ọ̀kù pupa lé aláwọ̀ ewé.

Fọláwùnmí fọwọ́ bo ẹnu. "Etí tí kò gbọ́ ni mo gbá," ló wí. "Ìbílọlá, etí tí kò gbọ́ ni mo gbá." Ó sunkún títí. Nígbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ ti le. "Dìde. Má kúnlẹ̀ fún mi. Gba bébà yìí, kọ òtítọ́ tó o rí sí i, kí n mú un lọ bá dókítà. Tó o bá ti kọ ọ́ tán, kí o máa lọ."

Ìbílọlá kọ ọ́. Ibi tí kò rántí ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ó kọ síbẹ̀ pé òun kò rántí. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé ibùdókọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Frau Krüger, ó sì jẹ́wọ́ fún un nípa ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ojú obìnrin náà pọ́n wẹ̀ẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi," ló wí. "Mo fọwọ́ sí ohun tí n kò yẹ̀ wò." Ó kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ Àánú ní Hamburg lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ó fagi lé máàkì Ìbílọlá, ilé-ìwé rẹ̀ sì pàṣẹ pé kó tún gbogbo ìdánrawò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí kíláàsì tó kàn, òun kò bá wọn lọ.

"O fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ," ni Dúnní sọ fún un. "Ẹnikẹ́ni kò mọ̀!"

"Èmi mọ̀," ni Ìbílọlá fèsì. Dúnní kò tún pè é mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Fọláwùnmí tó fi ohùn ránṣẹ́. Dókítà ti rí i pé omi kan tó ki ló dí Àánú létí méjèèjì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan fún un. Dókítà ní bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ ì bá fà sẹ́yìn gan-an. "Lánàá, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan fọn fèrè," ni Fọláwùnmí wí. "Àánú fò sókè, ó di aṣọ mi mú, ó fi Jámánì béèrè ohun tó jẹ́, ó ní, 'Mama, was war das?' Mo ní, 'Ọkọ̀ ojú omi ni, ọmọ mi.' Ìbílọlá, inú tó bí mi sí ọ kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi wá, mi ò ní gbàgbé ìyẹn náà."

Ìbílọlá gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sunkún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn fọnfọn.

Moabit, àdúgbò mìíràn ní Berlin, ni wọ́n rán an lọ fún ìdánrawò kejì. Lópin oṣù àkọ́kọ́, ọ̀gá rẹ̀ tuntun ń yẹ àwọn fáìlì wò, ó sì dúró níbi ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mia. "Kí ló dé tó jẹ́ pé ìlà méjì péré ló wà níbí?"

"Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kò ju ìyẹn lọ, mà," ni Ìbílọlá dáhùn. "Mo ṣì ń wò ó."

Ọ̀gá náà tún ìlà méjèèjì kà, ó mi orí, ó sì fọwọ́ sí i. Ìlà méjì tó jẹ́ òtítọ́ sàn ju odidi ojú ìwé tó kún fún irọ́, torí pé ohun tí a bá kọ nípa ọmọ ọlọ́mọ, ara ọmọ náà ni yóò gbé e. Ẹni tó bá sì ti ṣìṣe, kó tètè dìde lọ tún un ṣe níbi tí ó ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ná an ní nǹkan.