Ẹni Tó Di Okùn Mú

Okùn kànga kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá ń fà á, á máa ké lórí igi ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, okùn ń lọ sókè sódò lẹ́yìnkùlé, mo ń rí i láti ojú ihò páànù, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kiní kan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa òwú gba inú omi.

Mo ní bóyá wọ́n ti fi epo pa igi rẹ̀ ni. Mo padà sídìí maṣíìnì mi.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tí Ọ̀gá Báyọ̀dé ń kọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́dún tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì kún etí òkun Èkó, tí a ò sì rí sìmẹ́ńtì rà. Ilé náà dúró láìní òrùlé. Àwọn bíríkìlà ti túká. Gàníyù agbẹ́kàǹga nìkan ló kù.

Ẹnjiníà ni Ọ̀gá Báyọ̀dé. Ó kàwé dé ìlú òyìnbó, Pijó funfun ló ń gùn. Gàníyù ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ju ṣọ́bìrì, dígà àti búùtà tó fi ń ṣàlùwàlá. Àmọ́ ó ní ojú. Bó bá ń kọjá lọ, òun ló máa ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró.

Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, mo rí ohun tí mo rí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó túká, lébìrà pọ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀gá á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, á di okùn mú fúnra rẹ̀. Bí Gàníyù bá gòkè, ọ̀gá á fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu amọ̀ lójú rẹ̀. Amọ̀ á ti tán, á ṣì máa nu ún. Ó ní kí wọ́n ṣe ibi àlùwàlá sẹ́yìn yàrá òun gan-an.

Bíríkìlà kan rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ̀yin aládùúrà onísùtánà, kí lẹ fẹ́ fi ibi àlùwàlá ṣe?"

"Ẹni tó máa ń kírun ni yóò máa lò ó."

"Háà! Gàníyù, o ti sọ ọ̀gá di lébìrà, o tún fẹ́ sọ wọ́n di Mùsùlùmí!"

Gàníyù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó di okùn mú ló ni ẹ̀mí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kì í fi í sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ní ìyá rẹ̀ kú."

Ọ̀gá Báyọ̀dé wò ó. Ó rọra sọ ọ́, àfi bí ẹni ń búra: "Mo ti gbọ́. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹbí ọ̀gá pè é sílé, ní Iléṣà. Wọ́n ti bá a wá ìyàwó. Ó sọ fún Gàníyù létí kànga pé òun ń lọ sọ fún wọn pé òun ò fẹ́, pé òun á padà wá.

Ó sì padà wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Bó ṣe ìlú mìíràn ni, wọn ì bá ti bẹ̀rù irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé onísùtánà kì í wọ bàtà. Mo rò pé ilé àdúrà ló ti ń bọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Pijó ńkọ́?"

"Mo fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Ó bàjẹ́ ni?"

"Ó bàjẹ́."

Ó ń rùn bíi kánfọ̀. Mo ní inú àpótí ni sùtánà ti pẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ìṣe Gàníyù yí padà. Omi ti yọ nínú kànga, ó ṣì ń gbẹ́ ẹ. Kí ọ̀gá tó dé lọ́sàn-án, á ti so okùn mọ́ ìbàdí, á ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ihò ẹsẹ̀ tó gbẹ́ sára kànga parí sí, á dúró nínú òkùnkùn. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yanrìn ni; okùn nìkan ló lè gbé èèyàn. Ó tún ní kí n rán ọ̀já dúdú kan fún òun, kí n ṣẹ́ ẹ po kó nípọn.

"Oòrùn ń ta mí lójú bí mo bá gòkè," ó ní.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí òkìtì yanrìn, Gàníyù pẹ̀lú ọ̀já lójú, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ọ̀gá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọyẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dùn mọ́ mi láti máa wò wọ́n. Ó dà bí oorun tí èèyàn ò fẹ́ jí nínú rẹ̀.

Ọ̀sán tí okùn ò ké yẹn, táksí kan dúró. Obìnrin kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀.

"Ṣé ibí ni ilé Báyọ̀dé? Agnes ni mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Agbẹ́kàǹga kan ńkọ́, Gàníyù?"

"Ó wà nínú kànga, Àǹtí. Kí ló dé?"

"Ọkọ̀ Báyọ̀dé ya wọgbó nígbà tó ń padà bọ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú sùtánà rẹ̀. Orúkọ Gàníyù ló ń pè tó fi dákẹ́. Mo ní kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Maṣíìnì dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìnkùlé, okùn ń lọ, okùn ń bọ̀.

Ta ni kò mọ̀ nípa àkúdàáyà? Kì í dúró níwájú ojú tó mọ ikú rẹ̀. Bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá bà lé e, á pòórá. Bó bá pòórá báyìí, okùn á bọ́, Gàníyù á sì bá okùn lọ. Àǹtí Agnes ti ń gbé ẹsẹ̀. Èmi náà ti di ẹni tó mọ̀.

"Àǹtí, bùbá yín ti tú lábíyá o! Ẹ ò lè rìn báyìí láàárín ọkùnrin. Ẹ bọ́ ọ, kí n kàn án."

"Ṣe kíá, jàre."

Ó bọ́ ọ, ó fa ìró dé àyà. Mo gba bùbá, mo gba ẹ̀yìn jáde.

"Ọmọ yìí! Níbo lò ń gbé aṣọ mi lọ?"

Kí n tó kọjá ògiri, mo ti fi bùbá dúdú náà di ojú mi. Mo ń táràrà lọ. Òórùn kánfọ̀ ló júwe ọ̀nà. Ọwọ́ mi ba okùn, lẹ́yìn náà ó ba ọwọ́ kan, ó tutù bíi páànù láàárọ̀ ọyẹ́.

"Àdíját. O ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Má tú aṣọ yẹn."

"Mi ò ní tú u. Ẹ jẹ́ ká fà á."

"Mo di okùn mú," ó ní.

A jọ fà á. Ìgbà tí ọwọ́ tèmi kàn án ni igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ohùn Gàníyù ti ìsàlẹ̀ wá. "Báyọ̀, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Àdíját ni."

"Ṣé ó rí ọ?"

"Ó di ojú."

Gàníyù mí kanlẹ̀. Kó tó yọ orí sí etí kànga, mo gbọ́ tó ń so ọ̀já rẹ̀. Àwa mẹ́ta dúró níbẹ̀: àwa méjì di ojú, ẹnì kẹta ti kú.

"Bọ̀dá Gàníyù, ẹ mọ̀?"

"Dírẹ́fà kan ti sọ fún mi kó tó dé."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí. Ẹ̀rù pé mo lè ṣèèṣì rí i."

A gbọ́ sálúbàtà Àǹtí Agnes tó ń bọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ gba inú igbó, ìhà Ìgándò. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ni. Nígbà tí mo tú bùbá, ipasẹ̀ Gàníyù nìkan ló wà nínú yanrìn, ó sì tọ́ gbọọrọ. Kò kọsẹ̀ níbì kankan, bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́.

Àǹtí Agnes kò rí ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ó jókòó sí etí kànga, ó sunkún.

Sìkírátù tó ń kó aṣọ òfì wá tà láti òkè ọhún wá kí mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní òun rí agbẹ́kàǹga kan lábúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, afọ́jú ni, ọkùnrin gbajúmọ̀ kan tó ń wọ funfun ṣá ló ń di okùn mú fún un.

"Ṣé ọ̀já dúdú ló fi di ojú?"

"Ọ̀já kẹ̀? Mo ní ojú ti fọ́, méjèèjì. Síbẹ̀ ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀."

Mi ò sọ nǹkan kan fún un, kí ojú tirẹ̀ má baà mọ̀. Mo mú abẹ́rẹ́, mo wá ihò rẹ̀ tì.