Ìbà Pennick ní Nathan Way

Nínú oṣù January ọdún 1995, Bàṣírù tó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Nathan Way, ní London, fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, kò sì padà lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kò lé e. Oníbàárà kò já a sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Plumstead sọ pé àyà ló ń dùn ún, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára. Gàníyátù, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òtútù. Orúkọ kan ló dá a sílẹ̀.

Ìbàdàn ni Bàṣírù ti kọ́ṣẹ́, ní Gate, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sìdí. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan jáàkì tàbí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà, Bàbá Sìdí á ṣí fìlà, á gbé ọwọ́ lé irin náà, á dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ àti ẹni tó kọ́ ìyẹn náà. Á ní, "Ìbà o. Ẹ̀yin lẹ ni ín, a yá a lò ni." Bó bá kù díẹ̀ kó dé fìlà padà, á fi kún un pé, "Ìbà ẹni tí mo mọ̀, ìbà ẹni tí mi ò mọ̀." Ọmọ iṣẹ́ kan kánjú lọ́jọ́ kan, kò dúró de ìbà. Jáàkì yẹ̀. Bàṣírù fi ojú ara rẹ̀ rí ìka ọmọ náà lórí iyẹ̀pẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àṣà yìí ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì gbé e dé London bó ṣe gbé ilà ojú rẹ̀ dé ìlú òyìnbó.

Òun àti Múrítàlá ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Nathan Way. Múrítàlá kéré sí i dáadáa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọn, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà, bàjẹ́, ọdún tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ìbọn Woolwich pa ni, àwọn tó ń ta irin àlòkù sì ti kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ jọ sẹ́bàá odò. Níbi ìsọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni Bàṣírù ti rí i: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúdú kan, tí táńkì rẹ̀ gùn tó ọkùnrin tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Idẹ pẹlẹbẹ kan wà lára rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: PENNICK'S PATENT, 1909. Ẹni tó tà á kò mọ̀ ju pé ilé-iṣẹ́ kan tó ti wó tipẹ́ ló ti wá.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni patent gan-an?" Múrítàlá bèèrè.

"Ìwé ìjọba ni. Bó o bá ronú ẹ̀rọ kan tí ẹnikẹ́ni ò ronú rẹ̀ rí, wọ́n á kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ pé ìwọ lo ni ín. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ."

"Ìyá mi ì bá ti gba tiwọn lórí bí wọ́n ṣe máa ń fa etí èèyàn. Kò sẹ́ni tó tún lè fà á bẹ́ẹ̀."

Inú Bàṣírù dùn sí idẹ náà. Ní Ìbàdàn, àtẹnudẹ́nu ni wọ́n fi mọ olóhun. Níbí, orúkọ olóhun wà lára ohun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣe Bismillah, ó ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ lé idẹ. "Bàbá Pennick, ìbà o. Ẹ̀yin lẹ ni ín, a yá a lò ni." Kò fi ti ẹni tí òun kò mọ̀ kún un. Kí ló tún kù tí kò mọ̀, nígbà tí wọ́n ti kọ orúkọ síbẹ̀?

Ọjọ́ yẹn ni Múrítàlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti ń wọlé láàárọ̀, á ṣí kẹ́ẹ̀pù rẹ̀, á tẹríba: "Bàbá Bàṣírù, ìbà o. Ẹ̀yin lẹ ni ín, a yá a lò ni." Bàṣírù á dáhùn pé, "Hòò," wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni Bàṣírù ṣàkíyèsí pé bí òun bá tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú táńkì dànù nírọ̀lẹ́, òun a tún bá a ní kíkún láàárọ̀. Ó yẹ gééjì tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ wò. Gééjì kò ní àléébù. Ọ̀rọ̀ òórùn wá tẹ̀lé e. Ṣọlápé, obìnrin kan tó ń fi mínííkáàbù kó èrò ní Plumstead, gbé táyà rẹ̀ padà wá.

"Uncle Bash, no offence o, ṣùgbọ́n air yín ń rùn. Mo tú táyà yìí lánàá, ó dà bí ẹnu ẹni tó ń gbààwẹ̀. Àbí ẹnu lẹ fi fẹ́ ẹ ni?"

Múrítàlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàṣírù kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò ní èémí tó fẹ́ fi rín in. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí àyà rẹ̀ máa ń wúwo bó bá ti júbà tán láàárọ̀. Dókítà ní asthma ni, ó fún un ní ìgò búlúù tó máa fi fín oògùn sẹ́nu. Kò ràn án.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ni Gàníyátù ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti gbọ́ oríṣiríṣi èémí. Ó gbé etí lé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

"Daddy Àmírà, èémí yín ò dé ìsàlẹ̀. Ó dà bíi pé ẹlòmíì ń bá yín mí in."

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ èmi náà. Èmi ń mí." Ó fa aṣọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ padà. "Orúkọ òyìnbó tí ẹ̀ ń pè yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ọlọ́run nìkan la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Mo máa ń ṣe Bismillah kọ́kọ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ìka tó wà lórí iyẹ̀pẹ̀ ni Bàṣírù ń rò.

Oṣù December ni bàbá òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán ló máa ń dé. Kò wa mọ́tò wá. Kóòtù dúdú ló wọ̀, kẹ́ẹ̀pù rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó sì máa ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Múrítàlá rò pé ará council, ìjọba ìbílẹ̀, ni. Bàṣírù ló rí i lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ pé kóòtù náà kò tutù.

Lọ́jọ́ tí Múrítàlá gbé táyà lọ fún oníbàárà kan ní Plumstead, Bàṣírù gbé àga fún bàbá náà, ó sì po tíì fún un. Bàbá náà di kọ́ọ̀bù mú lọ́wọ́ méjèèjì. Lójú ẹsẹ̀ ni èéfín orí tíì náà ti kú.

"Kí lẹ ń wá, sir?"

"Ìwọ lo pè mí," ni bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí lọ. "Èmi ni Pennick. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ mi. Mo ti ń sinmi. Láràárọ̀ lo ń pè mí, ẹni tí wọ́n bá sì pè gbọ́dọ̀ wá. Ó ti rẹ̀ mí."

Bàṣírù nawọ́ sí idẹ náà. "Mò ń kí yín ni. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ."

Bàbá náà mi orí. "Orúkọ mi ló wà nínú ìwé. Òṣìṣẹ́ mi kan ló ronú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò, ó rá wọ inú táńkì láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti táńkì pa mọ́ ọn, wọ́n sì tan ẹ̀rọ. A gbọ́ tí nǹkan ń kan táńkì láti inú. A ní irin ni."

"Ṣé lóòótọ́ lẹ rò pé irin ni?"

Bàbá náà wo tíì ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwé jáde lórúkọ mi," ni ó wí. Ó fi kún un pé, "Bó o bá ti pè mí, òun náà á jí. Bó bá sì jí, á máa wá ohun tó máa mí."

"Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Òun ni kí n máa júbà fún."

Pennick la ẹnu. Ohùn kankan kò jáde. "Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ohun tí mo kọ," ó wí nígbẹ̀yìn. "Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, ó kúrò lẹ́nu èmi náà." Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ṣì kún, ó sì jáde sínú òjò.

Gàníyátù kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́." Bàṣírù ṣèlérí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣe Bismillah, ó tan ẹ̀rọ, kò dárúkọ ẹnì kankan. Bàbá òyìnbó kò wá lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kàn nínú táńkì, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kan ilẹ̀. Kò kàn án kíkankíkan. Ó ń kàn án bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà nílé.

"Béélítì ni," ni Múrítàlá wí.

Bàṣírù pa ẹ̀rọ. Béélítì dúró. Nǹkan náà ń kàn síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gééjì ń gòkè, ó kọjá ibi pupa. Bàṣírù di ìdérí ihò afẹ́fẹ́ mú láti ṣí i, kò ṣí. Ó mọ ohun tí táńkì bẹ́ẹ̀ lè ṣe bó bá bẹ́.

"Jáde."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ—"

"Mo ní kó o jáde, Múrítàlá."

Nígbà tó ku òun nìkan, kò rí èémí mí mọ́. Ó kúnlẹ̀. Ìgbà náà ni ó rántí Bàbá Sìdí àti gbólóhùn tó máa ń fi parí ìbà, èyí tí òun gé dànù torí pé òun rí orúkọ lára idẹ. Ó ṣí fìlà. Ó gbé ọwọ́ lé táńkì, kò gbé e lé idẹ.

"Ìwọ tí mi ò mọ orúkọ rẹ, ìbà o. Ìwọ lo ni ín. A yá a lò ni."

Ohun tó ń kàn dúró. Ihò afẹ́fẹ́ ṣí fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó pẹ́ púpọ̀, bí ẹni tó ti di èémí mú tipẹ́ tó wá ráyè tú u sílẹ̀. Òórùn ẹnu ààwẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ. Àyà Bàṣírù ṣí.

Múrítàlá yọjú. "Ẹ ti tún un ṣe?"

"Ó ti sinmi."

Ó sinmi lóòótọ́. Bàṣírù sáré bá bọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yẹn, nǹkan tí kò ṣe láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó jẹun yó. Gàníyátù tún gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní èémí ti dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú January ni ó dé ṣọ́ọ̀bù, òtútù ń mú, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Bó ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn nínú ilé.

"Bàbá Bàṣírù, ìbà o. Ẹ̀yin lẹ ni ín, a yá a lò ni."

"Hòò," ni Bàṣírù dáhùn.

Ó ti dáhùn tán kó tó rí i pé ohùn náà ń fà, pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà tó kàn ti ń tẹ́tí sí i láràárọ̀. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe dá ẹni tí kò rí lóhùn. Oorun ojú ló mú un gbàgbé, ó rò pé Múrítàlá ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù. Wáyà ẹ̀rọ kò sí lára iná, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Múrítàlá bèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni.

Bàṣírù kò wọlé. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé Plumstead.

Láti ìgbà náà, bí Gàníyátù bá ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa ń bá ọkọ rẹ̀. Á ti wọ bàtà, á ti wọ kóòtù, fìlà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wo ilẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Wọ́n ń pè mí."

Á bọ́ kóòtù lára rẹ̀, á mú un padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Á sùn di ìrọ̀lẹ́. Bó bá jí, á ní ó rẹ òun.

Múrítàlá ti kó lọ sí Peckham. Ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò, Olúsọjí, ló gba ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ń lo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà. Ó ní ẹ̀rọ gidi ni. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe òun ní kàyéfì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, fìlà lọ́wọ́, tí kì í sọ̀rọ̀, tí òjò kì í sì í pa kóòtù rẹ̀. Ó júwe ojú ọkùnrin náà fún Gàníyátù àti ilà tó wà níbẹ̀.

Gàníyátù ní lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọkọ òun ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ní Plumstead, òun sì ti ilẹ̀kùn pa.